Bàbá Mi Wá Ìràwọ̀ Tì ní Kétu

Mo rántí àṣálẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan iná ńlá náà ní ẹ́sítéètì wa ní Ìkòsì, lápá Kétu ní Èkó, nítorí pé àkùkọ tí ìdílé ìsàlẹ̀ wa so mọ́lẹ̀ de ọdún Kérésì kọ bí a ṣe ń jẹun alẹ́ lọ́wọ́. Ó tún kọ, ó sì ń kọ ọ́ lọ títí ohùn fi há a. Ẹ̀dá Ọlọ́run náà ṣebí ilẹ̀ ti mọ́ ni. Àwa ènìyàn inú ilé kò gbọ́n jù ú lọ. A jáde sí ìta, a pàtẹ́wọ́, a ya fọ́tò, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Alága ẹ́sítéètì tó mú ìdàgbàsókè wọ àdúgbò. Èmi gan-an kọ ọ́ sórí fóònù pé ẹ́sítéètì wa ti di ìlú òyìnbó.

Ohun tó gbé iná náà dé ni bátìrì mọ́tò kan tí wọ́n jí. Ọ̀sán gangan ni olè náà wá. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ bíi ti mẹkáníìkì, ó kí ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ó tú bátìrì, ó sì tún kí i pé ó dàbọ̀ bó ti ń gbé e lọ. Nígbà tí ẹ́sítéètì pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, òkùnkùn ni wọ́n dá lẹ́bi. Wọ́n ní òkùnkùn ti pọ̀ jù láàárín wa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé òpó irin kan kalẹ̀ tó ga ju ilé alájà méjì lọ, wọ́n sì to iná sólà mẹ́rin sí orí rẹ̀ kí wọ́n kọjú sí igun mẹ́rin ayé. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà kọjú sí bákónì mi gbọnrangandan, bí ọlọ́pàá tó ń fi ọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò.

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ó dá mi lójú pé àwọn àgbà wọ̀nyẹn kò gbé ẹ́sítéètì rí. Àwa fi iná sórí òrùlé, a sì sùn, tàbí kí n kúkú sọ pé a dùbúlẹ̀.

Kì í sì í ṣe iná tiwa nìkan. Ní títì Ìkòròdú, ṣọ́ọ̀ṣì kan ti gbé ojú pásítọ̀ wọn sórí pátákó oníná tó tóbi ju ilé lọ, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo wa láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀. Iná ilé epo wà níbẹ̀, iná ọjà Mile 12 wà lọ́hùn-ún, iná olówó wà, iná tálákà náà kò gbẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ para pọ̀, ó gun òkè lọ, ojú ọ̀run wa sì ní àwọ̀ omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ẹ̀gúsí. Èmi kò kíyè sí i. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ní Anthony nígbà náà, mo ń dá gbé, mo sì ti mọ ohun tí gbogbo ọmọ Kétu mọ̀, pé ẹni tó bá ń wo òkè rìn, inú gọ́tà ló máa bá ara rẹ̀.

Ọdún yẹn ni bàbá mi wá bá mi gbé. Ìyá mi ti kú ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì sọ pé kò yẹ kí bàbá dá wà ní abúlé. Nígbà tí wọ́n wo ọ̀tún wo òsì, èmi tí mi ò tíì lọ́kọ ni wọ́n rí pé àyè wà nílé mi. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ní abúlé kan lápá Ìjẹ̀bú, alàgbà sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó gùn ni, tí kì í yára sọ̀rọ̀, tí ó máa ń fi ọwọ́ nu àga kó tó jókòó lé e, bí àga náà tilẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, bàbá mi a gbé àga gbọọrọ sí iwájú ilé, a jókòó, a sì máa wo òkè. Òun ló fi Àgùàlà hàn mí, ìràwọ̀ títóbi tó máa ń wà nítòsí òṣùpá. Bó bá ti rí i, ó ti pòwe nìyẹn: “Àgùàlà ń bá òṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni.” Òun ló fi ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ kan hàn mí tó ṣù jọ bí adìẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní bí adìẹ náà bá ti ń yọ níhà ìlà-oòrùn bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, kí ènìyàn tètè wá aṣọ tó nípọn, ọyẹ́ kò jìnnà mọ́. Mo kàwé títí mo fi gba oyè, mo sì gbàgbé gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo wá mọ̀ nípa ọyẹ́ ni pé òróró ìpara máa ń wọ́n.

Ní àṣálẹ́ tó kọ́kọ́ lò lọ́dọ̀ mi, bàbá mi gbé àga sí bákónì. Ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó gbé orí sókè, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó bèèrè pé níbo ni ìràwọ̀ wà.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Daddy, Èkó la wà. Ìràwọ̀ kì í gbé Èkó.”

Ó ní, “Gbogbo wọn pátá?”

Mo ní gbogbo wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó bèèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, ìyẹn ní òun kò rí ìràwọ̀ mọ́ láti ìgbà tí òun ti kó kúrò ní Abẹ́òkúta. Ó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ìyẹn ní kí bàbá má yọ ara wọn lẹ́nu, pé iná ti pa gbogbo wọn. Kò sí ohun kan tí mo rí rí tí àwọn ará ẹ́sítéètì wa fohùn ṣọ̀kan lé lórí tó ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá mi mi orí. Ní tòótọ́, mo rò pé mo rí i tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo kà á sí pé ó ti gba kádàrá ìlú ńlá.

Ohun tí kò gbà ni iná iwájú ilé. Ó ní ó ń ta òun lójú bí ata. Ó ní irun ń hù lára rẹ̀ yíká, bí irun ẹnu ológbò. Mo wo iná náà, mi ò rí irun kankan, ṣùgbọ́n mo ní kò burú, àgbà ló sọ ọ́, ìmọ́lẹ̀ náà pọ̀ jù lóòótọ́. Nígbà tó da tíì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, iná ni. Nígbà tó ta kọsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, iná ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jọ ń bọ̀ láti ibi ìpàdé àdúrà, bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ó tẹríba díẹ̀, ó ní, “Mummy, ẹ kú ìjókòó o.” Sílíńdà gáàsì ìdílé ìsàlẹ̀ ni ó ń kí. Wọ́n ta aṣọ lé e lórí. A rẹ́rìn-ín títí a fi di ògiri mú, òun náà bá wa rẹ́rìn-ín. Iná náà ni mo tún bú.

Báyìí ni mo ṣe di ajàfúnràwọ̀. Mo ka ohun díẹ̀ lórí fóònù nípa bí ìmọ́lẹ̀ àṣejù ṣe ń ba òru jẹ́, bó ṣe ń da ẹyẹ láàmú, bó ṣe ń lé oorun lójú ọmọ ènìyàn, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ń dá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti sọ fún wọn pé wọ́n ti jí ọ̀run wọn gbé. Mo tún gba ohun kan sórí fóònù mi tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá nà án sókè, á máa fi gbogbo ìràwọ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀ hàn, pẹ̀lú orúkọ wọn. Mo gbé e fún bàbá mi pẹ̀lú ìdùnnú. Ó gbé fóònù náà sún mọ́ imú, ó wò ó, ó wo òkè, ó tún wò ó.

Ó ní, “Ṣé inú èyí ni ẹ kó wọn sí?”

Mo wá kọ̀wé sí gúrúpù ẹ́sítéètì lórí fóònù. Mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yí ojú iná kan ṣoṣo kúrò lọ́dọ̀ wa, tàbí kí wọ́n máa pa á fún ìwọ̀nba àkókò ní ìrọ̀lẹ́, nítorí bàbá àgbàlagbà kan tó fẹ́ rí ìràwọ̀. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹnìkan ti bèèrè pé ṣé mo mọ olè tó gbé bátìrì ni. Ẹlòmíràn ní kí gbogbo ènìyàn máa ṣọ́ra fún àwọn tó fẹ́ràn òkùnkùn, pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀ hàn sí Olúwa. Ìyàwó ilé kan tó máa ń yá mi ní iyọ̀ tẹ́lẹ̀ fi àwòrán ọwọ́ méjì tó ń gbàdúrà ránṣẹ́, kò sì kí mi dáadáa mọ́ títí ọdún fi parí.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ọjọ́ Ìsinmi. Alága wa jẹ́ ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì, tí kì í bọ́ dígí dúdú ojú rẹ̀ nínú ilé tàbí níta, tó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìkéde. Ó jẹ́ kí n sọ tèmi tán. Mo sọ nípa ẹyẹ, mo sọ nípa oorun, mo sọ nípa ọ̀run tí wọ́n jí gbé. Nígbà tí mo jókòó, ó tún gègé rẹ̀ tò sórí tábìlì, ó ní, “Aunty, òṣùpá lé, ẹ ní kò gún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, kó tún un ṣe.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọn kò yí iná náà. Wọ́n tilẹ̀ fi ẹnu kò pé ìdí ẹ̀yìn ẹ́sítéètì ṣókùnkùn jù, kí wọ́n gbé irú rẹ̀ kan síbẹ̀ náà. Mo lọ bẹ̀bẹ̀ fún ìràwọ̀, mo bọ̀ pẹ̀lú iná kejì.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló gbà mí. Ọmọ Àgbóyì ni. Ẹ̀yìn Kétu níbẹ̀ ni Àgbóyì wà, omi ló dá wa sí méjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ bí àwa ará òkè ìhín ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ á rò pé ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ òkùnkùn ni mo ń wá, kí n mú bàbá mi wá sílé àwọn òbí òun ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí a sùn mọ́jú. Ó ní iná ìjọba ti dákẹ́ lọ́dọ̀ wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Inú mi dùn gan-an sí ìròyìn náà. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ń pariwo fún iná láti ìgbà tí wọ́n ti dá wọn sáyé, èmi wá ń bá wọn yọ̀ pé wọn ò ní.

A wọ ọkọ̀ ojú omi ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n de ẹ̀wù tó ń léfòó mọ́ bàbá mi láyà, ó dúró gbọnin nínú rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n síwájú. Nígbà tó fẹ́ wọ ọkọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ síbi tí kò sí ọkọ̀. Ọlọ́kọ̀ ló yára gbá a mú. Mo bú omi.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi fi ẹja yíyan àti ẹ̀bà gbà wá. Obìnrin náà bi mí bóyá òótọ́ ni pé òkùnkùn ni mo wá wò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí, ó ní kò burú, pé òun ní èyí tó pọ̀ tí mo lè gbé dání lọ sí Ìkòsì. Nígbà tí a jẹun tán, wọ́n gbé àga sí etí omi fún wa. Ilẹ̀ ti ṣú. Níhà ẹ̀yìn wa, Kétu ń tàn bí ilé tó ń jó, ṣùgbọ́n níwájú wa lórí omi, òkè dúdú, ìràwọ̀ sì wà níbẹ̀.

Mi ò ní purọ́, kò pọ̀ tó ti abúlé wa. Ṣùgbọ́n wọ́n wà. Mo rí Àgùàlà níhà ìwọ̀-oòrùn, ó ń tàn rokoṣo, ó tilẹ̀ fi ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sórí omi. Mo yí sí ìlà-oòrùn, mo rí adìẹ náà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣù jọ nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo di ọwọ́ bàbá mi mú, mo fi tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà bí ẹni tó ń fi ilé tuntun han àlejò. Mo ní, “Daddy, ẹ wò ó. Ẹ wo Àgùàlà.”

Bàbá mi gbé orí sókè. Ó wò síbi tí mo nawọ́ sí, ó pẹ́. Ó ní, “Ṣé ìkùukùu ṣú ni?”

Ọ̀rẹ́ mi ló dá a lóhùn pé rárá, sà, ojú ọ̀run mọ́ gan-an lónìí. Mo gbọ́ omi tó ń lu òpó ilé. Mo wo ojú bàbá mi, mo sì rí i pé kì í ṣe Àgùàlà ni ojú náà ń wò. Ó kàn gbé ojú sókè lásán, bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró kí wọ́n yà á ní fọ́tò.

Mo ní, “Daddy, ẹ ò rí i?”

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi, ó fi nu orókún. Ó ní, “Láti ilé ni wọ́n ti ń dín kù lójú mi. Mo rò pé ọyẹ́ ni, mo tún rò pé ẹkún ìyá rẹ ni. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ yín, tí gbogbo yín sọ pé ìràwọ̀ kò sí, ọkàn mi balẹ̀.”

Bí ó ti sọ ọ́ nìyẹn, láìgbé ohùn sókè. Èmi tí mo ti jà fún ọ̀run káàkiri Ìkòsì àti Anthony, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò sẹ́yìn. Ilé tí mo ń bá a gbé, tábìlì kan náà tí a jọ ń jẹun, sílíńdà gáàsì tó kí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, gbogbo rẹ̀ ń tò kọjá níwájú mi. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún wa. Bàbá mi gbọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí àwọn onílé sùn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀, mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà náà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó tan tọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú bàbá mi, ó ní awọ ti bo ẹyinjú méjèèjì, pé ti ọ̀tún ló burú jù. Ó ní awọ náà ló fa irun tí bàbá ń rí lára iná. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi ṣí i, kì í pẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé kí a má ṣe jẹ́ kó pẹ́ jù, nítorí bó bá le sí i, iṣẹ́ náà á nira. Mo dúpẹ́. Bàbá mi náà dúpẹ́, ó dìde, ó ní kò sí ẹni tó máa fi ọ̀bẹ kan ojú òun.

Mo bẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, àwọn tó ti rí i pé àyè wà nílé mi. Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti rí ayé tó, pé ohun tó kù tí òun fẹ́ rí kò sí nílẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló ń sọ. A fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Ó ń jókòó sí pálọ̀, ó pa kọ́tìnnì dé nítorí iná náà, ó ń gbọ́ rédíò. Bí mo bá wọlé, á pè mí ní orúkọ kí n tó sọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ìfẹ́ ló fà á. Mo wá mọ̀ pé ìró bàtà mi ló ń dá mọ̀.

Ẹni tó wá ṣí ọ̀rọ̀ náà ni mi ò rò rárá. Alága ẹ́sítéètì ló kan ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo rò pé ó wá fi ìyókù òwe rẹ̀ pa mí ni. Ó ní òun gbọ́ pé ara bàbá kò yá. Ó jókòó, ó gba omi mu, ó wò yíká bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ará ìpàdé wà lábẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà ó bọ́ dígí ojú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ojú ọkùnrin náà. Ojú ènìyàn bí ẹnikẹ́ni ni, ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

Ó ní, “Baba, èmi náà ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn. Nígbà tí ojú tèmi ń ṣú, mo jábọ́ sínú gọ́tà iwájú ilé ara mi. Ìyàwó mi rò pé mo mutí. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n gbé iná wá.”

Bàbá mi yí ojú sí ibi tí ohùn náà ti wá. Ó bi í pé ṣé iná náà ràn án lọ́wọ́.

Alága ní rárá. Ó ní ńṣe ló burú sí i. Ó ní nígbà tí wọ́n fi máa ri òpó náà mọ́lẹ̀, òun ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti dìbò, wọ́n ti yin òun, òun kò sì mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ fún gbogbo ẹ́sítéètì pé ojú òun ló ń dùn òun.

“Ṣé ó dùn yín?” ni bàbá mi bèèrè. “Iṣẹ́ abẹ náà.”

“Ó dùn mí kí n tó wọlé,” ni Alága wí. “Nígbà tí mo wọlé, kò dùn mọ́.”

Èmi lọ sí ilé ìdáná, mo lọ fọ abọ́ tó mọ́. Mo ń ronú pé gbogbo ẹ́sítéètì kan, àkùkọ rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ni kò sùn láti ìgbà yìí wá nítorí pé ọkùnrin kan kò fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ mọ ìdí tó fi jábọ́ sí gọ́tà. Mo fẹ́ bínú. Ṣùgbọ́n bàbá tèmi náà jókòó síbẹ̀, òun tó ti ń kí sílíńdà kó má baà sọ fún mi. Nígbà tí Alága lọ tán, bàbá mi ní kí n pe dókítà.

Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún kọ́kọ́. Alága ló wakọ̀ gbé wa lọ, ó sì ń sáré bí ẹni tó fẹ́ fi hàn pé òun ń ríran. Mo jókòó síta, mo gbàdúrà gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, mo tún gba ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì míràn mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣí aṣọ tí wọ́n fi bo ojú náà, bàbá mi ṣẹ́jú, omi dà lójú rẹ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo dúró, mo ń retí ohun tí wọ́n máa ń sọ nínú ìjẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ní, “O ti rù. Ṣé bí o ṣe ń rù nìyí, tí mo wà nílé rẹ?”

Wọ́n ṣe ti òsì náà lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Alága sì mú kí wọ́n tẹ orí iná iwájú ilé wa wálẹ̀, ó ní òun fẹ́ dáàbò bo òpó lọ́wọ́ atẹ́gùn. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́, kò sì sí ẹni tó já a nírọ́. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi gbé àga sí bákónì pẹ̀lú ojú tuntun rẹ̀ méjèèjì. Mo jókòó tì í. Ó gbé orí sókè, ó wá ọ̀run láti igun kan dé èkejì, kò kánjú. Ó rí ọkọ̀ òfuurufú kan. Ó rí wáyà iná tó já tí wọ́n so padà. Ó rí ẹ̀rín pásítọ̀ títì Ìkòròdú láti ọ̀nà jíjìn.

Ó ní, “Ojú mi ti là. Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ ò ní ìràwọ̀.”

Ó padà sí abúlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kò bínú, ó kàn ní oko òun ti ń di igbó, pé òun tó ń ríran kò gbọ́dọ̀ máa gbọ́ rédíò lọ́sàn-án. Mo rò pé mo mọ ohun tó ń sáré lọ bá. Mo ti ń rò ó bó ṣe máa gbé àga gbọọrọ náà síta, mo sì ń sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Anthony pẹ̀lú omijé lójú, pé bàbá mi ti padà sọ́dọ̀ àwọn ìràwọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí mo lọ kí i ní ọdún Kérésì, mo bá òpó kan níwájú ilé rẹ̀, pẹ̀lú iná sólà lórí rẹ̀, ó ń tàn yanran. Mo bèèrè pé ta ló hùwà yìí. Bàbá mi ní òun ni. Ó ní òun ló kó àwọn àgbà abúlé jọ, tí wọ́n lọ bẹ olóṣèlú kan títí ó fi gbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un nípa ẹyẹ, nípa oorun, nípa òru. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó tilẹ̀ mi orí síbi tó dára jù.

Ó ní, “Ìràwọ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi wò, ọmọ mi. Ejò ni mo fẹ́ máa rí báyìí.”

A gbé àga lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí iná náà kò dé, a sì wo òkè títí òtútù fi lé wa wọlé.

Ó ti tó ọdún mélòó kan. Mo ṣì ń gbé Ìkòsì, òpó iná ẹ́sítéètì wa ti di mẹ́ta, mo sì ti ra kọ́tìnnì tó nípọn bí ẹní. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà fún ọ̀run mọ́. Ohun tó kù lára mi ni ìfura. Ó rọrùn púpọ̀ láti di ẹ̀bi ru Èkó, èjìká rẹ̀ gbòòrò, kì í sì í fèsì. Nítorí náà, bí àgbàlagbà kan bá sọ fún mi pé ata ìlú yìí kò ta mọ́, mi ò ní bá a bú àwọn ará Mile 12. Mo máa rọra bèèrè pé láti ìgbà wo ni ẹnu rẹ̀ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àti pé ṣé ó ti rí bẹ́ẹ̀ kó tó kúrò nílé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò ńlá kan fọ ojú ọ̀run, iná ìjọba lọ, sólà àwọn òpó wa kò sì rí oòrùn jẹ ní gbogbo ọjọ́ náà. Òkùnkùn balẹ̀ sí Kétu kí àwọn jẹnẹrétọ̀ tó jí. Mo sáré jáde sí bákónì, mo rí ìràwọ̀. Mo pe bàbá mi lórí fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo ń mí gúlegúle. Ó bèèrè pé mélòó ni mo rí. Mo kà wọ́n, mo ní mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ mẹ́rin.

Bàbá mi ní òun náà wà níta lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, pé wọn kò lóǹkà. Ó ní kí n lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú mi wò.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Daddy, Èkó ni.” Òun kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo sì lọ.